Ráótà Tó Gbé Ọwọ́ Sókè Kí Ọ̀gá

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́ nípa Mo-Ti-Mọ̀, ẹ kọ́kọ́ tún ìjókòó yín ṣe. Ọkùnrin náà kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ òun níbi tí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ̀yìn ti ògiri. Bí ó bá wọ yàrá, gbogbo ẹ̀yìn tó wà níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ nà ṣánṣán, títí kan ẹ̀yìn àga. Òun ni olùdarí ọ́fíìsì kékeré kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù atúnbàtàṣe, níbi tí òórùn gọ́ọ̀mù bàtà ti ń gba inú fèrèsé wọlé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ti pàṣẹ fún òórùn náà pé kó dẹ́kun. Òórùn náà kò gbọ́.

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i kò kàn wá. Mo-Ti-Mọ̀ ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ohun tí ènìyàn lè sọ fún un tí kò ní fèsì pé òun ti mọ̀. Bí wọ́n bá ní òjò ń rọ̀, á ní, "Mo ti mọ̀." Bí wọ́n bá ní síìpù ṣòkòtò rẹ̀ ṣí sílẹ̀, á ní, "Mo ti mọ̀," á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún òun ni.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì náà kò le rárá. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní láti fi ara hàn láti ìgbà dé ìgbà pé àwọn ṣì wà láyé, kí owó ìfẹ̀yìntì wọn má baà dúró. Nítorí pé orúnkún ń dun ọ̀pọ̀ nínú wọn, ilé ni wọ́n ti máa ń pe ọ́fíìsì lórí fóònù tó ń fi ojú hàn. Akọ̀wé kan á wo ojú wọn nínú kọ̀ǹpútà, á bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ díẹ̀, á sì tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ "Ó wà láàyè" sí. Ó parí nìyẹn.

Mo-Ti-Mọ̀ kò fẹ́ràn ohun tó bá tètè parí. Ó ti fi òfin kan lé e, ó ní bí ojú ẹnikẹ́ni bá pòórá kí akọ̀wé tó ṣe tán, kí kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti kú.

"Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà láàyè," bẹ́ẹ̀ ló ṣàlàyé fún wọn, "kì í kúrò níwájú ọ̀gá láìgba àyè. Ẹni tó bá pòórá láìgba àyè, a jẹ́ pé ó rí ẹni tó ju ọ̀gá lọ. Ta ló ju ọ̀gá lọ, bí kò ṣe ikú?"

Igbákejì rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin pẹlẹbẹ kan ni Igbákejì yìí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ó máa ń pàtẹ́wọ́ kí ọ̀gá tó parí ọ̀rọ̀, nígbà míràn kí ọ̀gá tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà wọ ọ́fíìsì náà. Wáyà kan ń gba abẹ́ ilẹ̀ bọ̀, àwọn tó ń gbẹ́ títì sì máa ń gé e. Ọ̀kan ń ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù bọ̀, òun náà a sì máa fà bí ìgbín nígbà tí gbogbo ìlú bá jọ ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta ń ti àwo ńlá kan lórí òrùlé sọ̀ kalẹ̀, òun kò sì bá òjò rẹ́. Ká sọ òtítọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n àpótí tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn kọ̀ǹpútà, ìyẹn ráótà wọn, ihò kan ṣoṣo ló ní fún ohun tó ń ti ìta bọ̀. Bí wáyà tó wà nínú ihò yẹn bá kú, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á ki òmíràn bọ̀ ọ́. Kí wọ́n tó ṣe é tán, gbogbo ojú tó wà nínú kọ̀ǹpútà á ti pòórá, gbogbo ẹni tó ni àwọn ojú náà á sì ti di olóògbé.

Àwọn olóògbé wá bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn bọ̀. Wọ́n ń mí gulegule, wọ́n ń fi ọ̀pá gbá ilẹ̀kùn, wọ́n ń béèrè ẹni tó pa wọ́n. Àwọn tí kò lè gun àtẹ̀gùn jókòó sórí bẹ́ńṣì lọ́dọ̀ atúnbàtàṣe nísàlẹ̀, wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò sọ̀ kalẹ̀ wá jí wọn dìde.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà, òun ló ń mójú tó àwọn ẹ̀rọ. Ó kàwé dáadáa, ẹnu rẹ̀ sì mú. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìyìn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó wọlé tọ Mo-Ti-Mọ̀ lọ bó ṣe ń mu tíì.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jẹ́ ká ra ráótà tuntun."

"Mo ti mọ̀."

"Ẹ ò tíì gbọ́ irú èyí tí mo fẹ́ ká rà."

"Ìyẹn náà, mo ti mọ̀."

Ẹnjiníà fa àga, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un. "Ráótà oníwáyà ni, sà, tó ní ihò púpọ̀. Wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Á máa lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á sì máa ṣọ́ wọn. Èyí tó dára níbẹ̀ kì í kàn wo iná ara wáyà. Iná lè máa tàn kó má sí nǹkan kan níbẹ̀. Á máa ránṣẹ́ síta léraléra, á wò ó bóyá èsì ń bọ̀. Bí èsì ò bá wá, á gbé iṣẹ́ bọ́ sórí wáyà tó kù. Ojú ẹni tó wà nínú kọ̀ǹpútà lè dúró gbagidi díẹ̀, lẹ́yìn náà á máa bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò ní kú."

"Ṣé ó ní ìwo?" ni Mo-Ti-Mọ̀ béèrè.

"Ìwo kẹ̀?"

"Mo ti rí irú ẹ̀ nínú ọ́fíìsì àwọn èèyàn ńlá. Ó máa ń ní ìwo."

"Àwọn yẹn ń fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́, sà. Àwọn kọ̀ǹpútà wa kì í kúrò lójú kan, wáyà ló sì so gbogbo wọn. Kò sí ohun tí a fẹ́ fi ìwo ṣe."

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

Ẹnjiníà fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. "Bíi pálí bàtà ọmọdé."

Mo-Ti-Mọ̀ gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dénú eegun. "Ọ́fíìsì tí èmi ń darí," ló wí, "á wá gbé ẹ̀mí ara ẹ̀ sọ́wọ́ pálí bàtà."

"Ti ọmọdé, sà," ni Igbákejì fi kún un láti ẹnu ọ̀nà. "Kò tiẹ̀ wá ní ti àgbàlagbà."

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin tàbí èmi ni, à bá fọwọ́ sí i, ká sì máa mu tíì wa lọ. Mo-Ti-Mọ̀ ní tirẹ̀ sọ pé kò sí ẹ̀rọ tí yóò wọ iṣẹ́ ìjọba láìjókòó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bí ọmọlúàbí. Wọ́n yá ráótà mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tó ń tà wọ́n, wọ́n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí àga níwájú tábìlì rẹ̀, Igbákejì sì ń ka ìbéèrè.

Àkọ́kọ́ jẹ́ àpótí irin gbàgẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n ṣe fún ilé-iṣẹ́ tó tó ìlú. Fáànù kan wà nínú rẹ̀ tó ń hó bí ìkòkò omi gbígbóná. Mo-Ti-Mọ̀ la ẹnu láti kí i káàbọ̀, fáànù náà ń hó. Ó tún la ẹnu, ó ṣì ń hó.

"Ó ń dá sí ọ̀rọ̀ mi," ló wí. Wọ́n gbé e jáde.

Èkejì ni àpótí kékeré aláwọ̀ eérú tí Ẹnjiníà fẹ́. Igbákejì fi ohùn òwú rẹ̀ bi í pé kí ló lè ṣe fún orílẹ̀-èdè.

"Á máa ṣiṣẹ́," ni Ẹnjiníà dáhùn fún un.

"Ìwọ kọ́ la bi. Kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ ò sọ̀rọ̀?"

"Ráótà ni, sà."

"Ìgbéraga ni," ni Mo-Ti-Mọ̀ wí. "Mo ti ń wò ó láti ìgbà tí mo wọlé. Bó ṣe jókòó ló ṣe jókòó."

Ẹ̀kẹta wá jókòó sórí àga tirẹ̀, ó dúdú, ó ń dán, ọ̀pá gígùn mẹ́jọ nà sókè lára rẹ̀ bí aláǹtakùn tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Mo-Ti-Mọ̀ wò ó. Ó dìde, ó yí i ká, ó tún wò ó. Ohun kan yọ́ nínú àyà rẹ̀. Kí ẹ má rò pé mò ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: omijé lé sí ojú ọkùnrin náà díẹ̀.

"Ẹ wò ó," ló wí pẹ̀lú ohùn tí kò tíì lò fún ènìyàn kankan rí. "Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló gbé ọwọ́ sókè kí mi."

"Ọwọ́ mẹ́jọ, sà," ni Igbákejì wí. "Èmi alára, méjì péré ni mo ní, ó sì ń dùn mí."

Ẹnjiníà gbé ẹ̀rọ náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí wọn. "Ihò kan ṣoṣo ló ní fún wáyà tó ń ti ìta bọ̀. Kò yàtọ̀ sí èyí tí à ń lò. Kò ní yanjú nǹkan kan."

"Mo ti mọ̀. Ihò kan náà ni mo fẹ́. Níbo lo ti rí ọ́fíìsì tí ọ̀gá mẹ́ta ti jókòó sórí àga kan?"

Bí wọ́n ṣe mú ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ mẹ́jọ nìyẹn. Mo-Ti-Mọ̀ kò wá fi mọ síbẹ̀. Ó pín oyè fún àwọn wáyà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe dé ọ́fíìsì. Èyí tó gba abẹ́ ilẹ̀ di Wáyà Àgbà, ti ilé-iṣẹ́ fóònù di Wáyà Àárín, ti orí òrùlé di Wáyà Àbúrò. Wáyà Àgbà ló ní ihò. Bí ó bá ṣubú, Wáyà Àárín kò lè kàn bọ́ sípò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní láti kọ́kọ́ fi í ṣe adelé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ. Íńtánẹ́ẹ̀tì á kú. Ẹnjiníà á kan ilẹ̀kùn ọ̀gá. Igbákejì á jáde wá bi í pé ta ni. Ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n á bi í. Ọ̀gá á wọ jákẹ́ẹ̀tì, á so táì, á fi omi pa irun rẹ̀. Wọ́n á gbé orí Wáyà Àárín lé tíréè tíì, òṣìṣẹ́ gbogbo á dìde, Mo-Ti-Mọ̀ á sì na ìka sí i.

"Ìwọ Wáyà Àárín," á wí, "mo gbé ọ ga sí ipò adelé, pẹ̀lú gbogbo ọlá tó bá a rìn. Ṣe iṣẹ́ rẹ tọkàntọkàn. Má sì gbàgbé ibi tí o ti wá."

Wọ́n á ki adelé bọ ihò. Bí Wáyà Àgbà bá wá jí láàárín wákàtí náà, bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn, ọ̀gá á tún wọ jákẹ́ẹ̀tì, á dúpẹ́ lọ́wọ́ adelé fún iṣẹ́ ribiribi, wọ́n á sì fà á yọ. Nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ títì, jákẹ́ẹ̀tì náà kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Nísàlẹ̀, bẹ́ńṣì atúnbàtàṣe kò gba àwọn olóògbé mọ́. Ó lọ yá bẹ́ńṣì míràn.

Kò pẹ́ tí ìròyìn dé pé ọ̀gá kan ń bọ̀ láti olú ilé-iṣẹ́, obìnrin kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Màdáàmù Olùbẹ̀wò. Ohun tó ń gbé e bọ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ọ́fíìsì kékeré yìí nìkan ń pa ènìyàn ju gbogbo ọ́fíìsì tó kù lápapọ̀ lọ. Mo-Ti-Mọ̀ ní tirẹ̀ gbà pé ẹ̀rọ òun ló fẹ́ wá kí. Ó pinnu láti ṣí i ní gbangba lọ́jọ́ náà. Ó ra rìbọ́ọ̀nù pupa. Ó fi ohùn ara rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀rọ lè máa pe ẹbí olóògbé lórí fóònù, kó sì bá wọn kẹ́dùn fúnra rẹ̀. Ó sì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní òdìkejì ìlú, pé ìyá náà ni wọn yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò lójú Màdáàmù.

"Ṣé kò séwu?" ni ìyá rẹ̀ bi í lórí fóònù. "Mo gbọ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì kú lọ́dọ̀ yín, wọ́n sì wà níbí tí à ń jọ jẹun."

"Màmá, mo ti mọ̀ nípa ìyẹn. Ẹ ṣáà wọ aṣọ tó dára."

Ọjọ́ náà pé. Màdáàmù wọlé, obìnrin kúkúrú kan tó so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, mo wá béèrè nípa iye àwọn tó ń kú," ṣùgbọ́n Igbákejì ti fà á jókòó sórí àga tìmùtìmù, ó sì ti ń pàtẹ́wọ́. Ojú ìyá Mo-Ti-Mọ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lára ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ọ̀gá dìde.

"Màdáàmù ọlọ́lá jùlọ," bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó wo yàrá, ó rí i pé èrò kò pọ̀ tó ohun tó fẹ́ sọ. "Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí mo ń fi ojú àánú wò. Ẹ̀yin àga. Ẹ̀yin fèrèsé tí mo mú kí wọ́n nù. Kí n tó dé ibí, òkùnkùn ni. Bí mo bá kúrò níbí, òkùnkùn náà ni yóò jẹ́. Àwọn kan ní kí n ra pálí bàtà. Mo kọ̀ ọ́ lójú pálí bàtà náà gan-an. Mo ní, ẹ̀rọ tí kò bá mọ ọ̀wọ̀ kò lè mọ iṣẹ́. Ẹ wo èyí. Ọ̀sán àti òru, kò gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ rí."

Igbákejì ń nu ojú. Ọ̀gá mú sísọ́ọ̀sì. Wọ́n ti so rìbọ́ọ̀nù náà yí ẹ̀rọ ká lọ́nà tó wuyì, wọ́n sì ti fi Wáyà Àgbà ṣe àárín òdòdó rẹ̀, nítorí Mo-Ti-Mọ̀ ní kí wọ́n má yọ àgbà sílẹ̀ nínú ayẹyẹ.

"Ẹ dúró, sà," ni Ẹnjiníà wí.

"Mo ti mọ̀," ni ọ̀gá wí, ó sì gé e.

Rìbọ́ọ̀nù já. Wáyà náà já pẹ̀lú rẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà ara ògiri, ẹnu ìyá rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láti sọ nǹkan, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ pòórá. Gbogbo yàrá gbọ́ ohùn Mo-Ti-Mọ̀ láti inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nílé òkú: "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ẹni yín ti lọ, ó sì lọ gẹ́gẹ́ bí ìlànà." Lójú ẹsẹ̀ náà, fóònù inú àpò rẹ̀ dún láti bá a kẹ́dùn, nítorí òun ni àkọ́bí olóògbé.

Igbákejì nìkan ló mọ ohun tí ó yẹ. "Ẹ jẹ́ ká dìde," ló wí jẹ́jẹ́, "ká dákẹ́ díẹ̀ fún màmá ọ̀gá wa." Àwọn akọ̀wé dìde. Mo-Ti-Mọ̀ pẹ̀lú dìde, ó dorí kodò. Lóòótọ́ ni ìbànújẹ́ mú un. Ó rí i pé àwọn ènìyàn ń wo òun tìfẹ́tìfẹ́, ó sì ń ronú bóyá ó yẹ kí òun tún sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀.

Fóònù rẹ̀ tún dún. Ó gbé e sétí.

"Màmá, ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "À ń dákẹ́ fún yín lọ́wọ́."

"Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?" ni Màdáàmù béèrè.

"Olóògbé ni, mà."

Màdáàmù gbé gíláàsì rẹ̀ sójú. "Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó máa dá wọn padà."

"Bọ́tìnnì yẹn kò sí, mà. Bí a bá ní irú ẹ̀, a jẹ́ pé a gbà pé ọ́fíìsì yìí lè ṣe àṣìṣe nìyẹn."

"Wáyà méjì ṣì wà níbí tó ń ṣiṣẹ́," ni Ẹnjiníà wí. Ó gbé wọn sókè, ọ̀kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. "Ẹ jẹ́ kí n ki ọ̀kan bọ̀ ọ́, ká pè wọ́n padà."

"Wáyà Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ara rẹ̀ ò tíì tutù, o ti ń wá ẹni tó máa jókòó sípò rẹ̀," ni Mo-Ti-Mọ̀ wí. "Ṣé ojú kò tì ọ́?"

Wọ́n ṣì wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀gá ń to ìdí tí wọn kò fi lè kánjú síwájú Màdáàmù, tí wọ́n fi gbọ́ ọ̀pá lórí àtẹ̀gùn. Kì í ṣe ọ̀pá kan. Ìyá rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ wá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ atúnbàtàṣe, ó rí àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ti kú ni. Ó ní òun náà ni. Ó kó gbogbo wọn lẹ́yìn bí ó ṣe máa ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé wọ kíláàsì, àwọn tó lágbára ń ti àwọn tí kò lágbára lẹ́yìn, wọ́n sì kún inú ọ́fíìsì náà bámúbámú. Àwọn akọ̀wé fi àga wọn sílẹ̀ fún wọn.

Màmá dúró níwájú ọmọ rẹ̀. Kò ga ju èjìká rẹ̀ lọ.

"Kí ni wọ́n ń pe nǹkan yìí?" ló béèrè, ó ń tọ́ka sí ẹ̀rọ.

"Ráótà ni, Màmá. Ó máa ń gbé ọwọ́ sókè kí mi."

"Èmi kọ́ ọmọ ní ìwé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá gbé ọwọ́ sókè, ìbéèrè ló ní. Ṣé o ti bi í ní ohun tó fẹ́?" Kò dúró de èsì. "Ìwọ, nígbà tí o wà ní kíláàsì mi, o ò na ọwọ́ sókè rí. Gbogbo wọn ń béèrè, ìwọ ò béèrè. Inú mi máa ń dùn, mo rò pé o mọ̀ ọ́n ni."

Mo-Ti-Mọ̀ la ẹnu. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó máa ń wà níbẹ̀ kò jáde.

"Mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan," ni Màmá wí. "Níwájú ọ̀gá yín yìí. Ṣé mo wà láàyè, àbí mi ò sí mọ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ mọ èsì rẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ mọ̀ ọ́n. Mo-Ti-Mọ̀ wo ìyá rẹ̀. Ó wo Màdáàmù. Ó wo Igbákejì, Igbákejì ń wo àjà. Ó rí i pé bí òun bá ní ó wà láàyè, gbogbo àwọn tó kún yàrá yìí wà láàyè náà nìyẹn, òfin òun sì di yẹ̀yẹ́ lójú olú ilé-iṣẹ́.

"Màmá," ló wí níkẹyìn, "gẹ́gẹ́ bí ọmọ, mo rí yín. Gẹ́gẹ́ bí olùdarí, mi ò tíì lè sọ."

Màmá kò bínú. Ó kàn ń wò ó, bí ènìyàn ṣe ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe. Màdáàmù ló dìde.

"Èmi náà," ló wí, "gẹ́gẹ́ bí olùdarí, mi ò rí yín mọ́. Ẹ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀. Àga akọ̀wé tó wà lẹ́bàá ilé ìyàgbẹ́ ni ẹ ó máa jókòó sí láti òní lọ. Ẹ ó pe gbogbo ẹni tí ẹ pa, lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó bẹ̀ wọ́n, ẹ ó sì kọ wọ́n padà sínú àwọn alààyè. Ẹnjiníà, ibo ni pálí bàtà yẹn wà?"

Ó wà lábẹ́ tábìlì Ẹnjiníà. Kò dá a padà fún àwọn tó ń tà á. Ó gbé e sórí pẹpẹ, ó ki wáyà méjì tó kù bọ̀ ọ́, ó tún orí wáyà tó já ṣe, ó ki ìyẹn náà bọ̀ ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ ìkíni. Igbákejì súnmọ́ ọn pẹ̀lú ohùn òwú rẹ̀, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti rí àpótí kékeré náà ni òun ti mọ̀ pé ó níwà ìrẹ̀lẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti pàtẹ́wọ́.

"Ẹ bá mi di àwọn wáyà yìí mú," ni Ẹnjiníà wí. Ọwọ́ Igbákejì kún, àtẹ́wọ́ náà kò ṣeé pa.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó ẹ̀bá ilé ìyàgbẹ́ kò rọrùn fún Mo-Ti-Mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń pe ènìyàn, á ní, "Inú ọ́fíìsì wa dùn láti fi tó yín létí pé ẹ ti jí," wọ́n á bú u, wọ́n á pa fóònù mọ́ ọn létí. Bàbá àgbà kan tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi òun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní láti ìgbà tí òun ti kú ni àwọn àna òun kò ti yá nǹkan lọ́wọ́ òun mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, èmi ni mo ṣe é." Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń mu oògùn kíkorò. Nígbà tó yá, ó ń sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ lásán. Nígbà tó tún yá, ó ń sọ ọ́ bó ṣe rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pe ìyá arúgbó kan tó ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà ayé rẹ̀. Ìyá náà gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìrúkèrúdò kan tí ọkọ̀ náà kó sí láàárín odò, tí gbogbo èrò sáré sí apá kan, tí òun nìkan jókòó sí apá kejì pẹ̀lú àpò tíkẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ má baà dojú dé. Iṣẹ́ ti parí lọ́dọ̀ rẹ̀. Bọ́tìnnì nìkan ló kù láti tẹ̀. Mo-Ti-Mọ̀ kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ní títì, ẹ̀rọ àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ kígbe, ó sì gé wáyà tó gba abẹ́ ilẹ̀ já. Ojú ìyá arúgbó dúró gbagidi fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í mira. Kò sí ẹni tó gbé orí sókè nínú gbogbo ọ́fíìsì.

"Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" ni ìyá náà béèrè.

"Mo wà níbẹ̀, mà," ló wí. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ kọ̀ǹpútà. "Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ náà?"